Ọjọ́ Tí Sájẹ́ntì Dìde Dúró

Ẹni tó gbé ọ́fíìsì àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ jẹ́ ká kàn sọ pé kò ronú, ká má baà sọ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ogun ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má mí gúlegúle, gbogbo wọn ni wọ́n ní kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn wá gba ìrànlọ́wọ́. Obìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn gbé tábìlì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbá ìwé rẹ̀ káàkiri, àfi tó bá fi òkúta lé e. Àwọn ológun sọ ọ́ ní Alágbàwí, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ohun tí ìjọba lè ṣe fún ológun tó ti gbọgbẹ́ kò kéré, bí ènìyàn bá rí i gbà. Wọ́n lè tọ́jú ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n lè tún ilé rẹ̀ ṣe kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀ ọ́, wọ́n sì lè rán olùtọ́jú wá sílé, ẹni tí yóò máa gbé e dìde láàárọ̀, tí yóò wẹ̀ fún un, tí yóò sì tún gbé e sórí ibùsùn nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí nínú wọn tó bọ́ sí i, ológun náà gbọ́dọ̀ lọ jókòó níwájú dókítà ìjọba. Ohun tí dókítà yẹn bá kọ ni abẹ gé. Bó bá kọ ọ́ pé ara rẹ le, kódà bí ènìyàn mẹ́rin bá gbé ọ jáde, ara rẹ le nìyẹn.

Kì í sì í ṣe dókítà ló ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnu àwọn fúnra wọn ni. Nínú bárékè, wọ́n ti kọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní pé ẹni tó bá ń ráhùn pé ara òun ò yá, ọ̀lẹ ni. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan wọ́ wọlé, dókítà á ní, "Ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ yẹn o, bàbá, ṣé ara le?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́, kò sí wàhálà." Dókítà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí wàhálà. Ìdí nìyẹn tí Alágbàwí fi máa ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí wọ́n tó lọ. Òun á ṣe dókítà, àwọn á ṣe ara wọn. "Ẹ fi 'a dúpẹ́' sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà," ló máa ń wí. "Ẹ ò lọ kí wọn. Ẹ lọ rojọ́ ni."

Ìyàwó ológun kan tí wọ́n ń pè ní Sájẹ́ntì ló kọ́kọ́ wá, òun nìkan. Obìnrin kékeré ni, tó ti dàgbà, tó wọ bàtà ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ, ó ní òun lòun ń lo bàtà ọkọ òun báyìí nígbà tí onítọ̀hún kò lò ó mọ́. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ohun tó gbé e wá láìfepo bọyọ̀.

"Ọmọ mi, èmi ni mò ń gbé ọkọ mi dìde. Láàárọ̀, mo gbé e. Tó bá fẹ́ yàgbẹ́, mo gbé e. Tó bá fẹ́ sùn, mo gbé e. Dókítà tó ń wò mí wá ní n ò gbọdọ̀ gbé korobá omi mọ́. Ó ní egungun ẹ̀yìn mi ti di èèpo ẹyin. Mo ní, dókítà, ṣé Sájẹ́ntì wúwo ju korobá lọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Alágbàwí náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jáde.

"Kí lẹ sọ fún dókítà, mà?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo lọ sílé lọ gbé ọkọ mi." Ó fi ọwọ́ nu tábìlì níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí wà níbẹ̀. "Olùtọ́jú yẹn nìkan ni mo wá tọrọ. N ò fẹ́ nǹkan mìíràn. Tí n bá ṣubú, ẹ̀mí mi ni, ẹ̀mí ẹ̀ náà sì ni."

Alágbàwí tọ̀ wọ́n lọ sílé láti fojú ara rẹ̀ rí i. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà kọ́, wọ́n sì ti yọ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kúrò kí ènìyàn méjì tó so mọ́ra wọn lè gbà á kọjá. Sájẹ́ntì wà lórí àga, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, èjìká rẹ̀ ṣì gbòòrò, ṣùgbọ́n láti ìbàdí sísàlẹ̀, ó dà bí ẹni pé ara ẹlòmíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ló dojú dé lórí rẹ̀ nígbà ogun. Irin kan wà nínú ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sí dókítà tó gbójú gbóyà láti yọ, ọdọọdún ni irin náà sì ń gba díẹ̀ sí i lára ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ṣé ẹ ti múra, ọ̀gágun?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti múra. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Ó kọ́ ọrùn obìnrin náà, obìnrin náà di àyà rẹ̀ mú, ó sì fà á sókè. Alágbàwí rí ojú ìyá náà lórí èjìká ọkọ rẹ̀, bó ṣe pa eyín pọ̀, tí ètè rẹ̀ funfun. Nígbà tó gbé e dé ibùsùn tán, ó fara ti ògiri. Ọkọ rẹ̀ yíjú sí fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ò rí i.

Àmọ́ ẹnu Sájẹ́ntì mú, inú Alágbàwí sì dùn sí i. Ìráhùn rẹ̀ ò lópin. Ó bú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bú òjò, ó bú ìjọba, ó bú awakọ̀ tó dojú ọkọ̀ dé. "Ẹsẹ̀ wọ̀nyí ti kú, ọmọ mi. Ó kù ká sin wọ́n ni." Alágbàwí ṣe dókítà, ó bi í léèrè: "Bàbá, ṣé ẹ lè dìde fúnra yín?" Ó ní, "Kí n dìde kí n lọ síbo? Mi ò lè dìde láé." Kò sí nǹkan kan tí wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ. Nínú gbogbo àwọn tó ti jókòó ti Alágbàwí nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò tíì rí ẹni tó mọ ẹjọ́ rò bíi rẹ̀.

Dókítà méjì ló ń ṣe àyẹ̀wò náà. Èkíní, ọ̀dọ́bìnrin kan ni tí kì í gbójú sókè. Á béèrè, á fa igi sí i, á tún béèrè. Àwọn ológun kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ó ń wo àwọn bí ẹran orí igbá. Èkejì, òun náà ti wọ kákí rí. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ ológun kó tó fẹ̀yìntì, ó ti tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun gan-an. Alágbàwí rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ẹni tó kàn ló mọ̀, ó wí nínú ara rẹ̀. Ẹni tó ti gbé òkú ọmọ ogun rí kò ní í fi Sájẹ́ntì ṣeré. Ó wá ń lọ bẹ akọ̀wé tó ń to orúkọ àwọn tó ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò. Ó lọ lónìí, ó lọ lọ́la, ó fara da ọ̀rọ̀ kòbákùngbé, títí akọ̀wé náà fi yọ orúkọ Sájẹ́ntì lọ́dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin yẹn, tó sì fi í sábẹ́ ọ̀gá ológun. Lọ́jọ́ náà, Alágbàwí ń kọrin lọ sílé. Ó dá a lójú pé òun ti ṣe é.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, káfíńtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn bá wọn gbé Sájẹ́ntì sínú ọkọ̀, wọ́n sì yá kẹ̀kẹ́ arọ lọ́wọ́ ọsibítù láti tì í wọlé. Títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà dókítà ni ó ń ráhùn. Ó ní kẹ̀kẹ́ náà ń dún bí ẹni tí ebi ń pa. Ìyàwó rẹ̀ ní kó fi ìráhùn pamọ́ fún dókítà, kó má ná an tán lọ́nà.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Aṣọ funfun ni dókítà wọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gún, irun ètè rẹ̀ gé régé, fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú kákí àti àmì ẹ̀yẹ sì wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Ó ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó sì pe orúkọ ẹgbẹ́ ogun tí Sájẹ́ntì ti jagun, ó pè é bí wọ́n ṣe ń pè é ní bárékè, ó wá ní, "Sájẹ́ntì."

Sájẹ́ntì dìde.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti apá kẹ̀kẹ́, ó gbé ara rẹ̀ sókè, ó nà gbọnrangandan, ó sì fi ọwọ́ kan iwájú orí. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti rí agbára náà. Alágbàwí, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, rí bí ṣòkòtò rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n láti orókún dé ilẹ̀. Dókítà kò lè rí i láti ibi tó jókòó sí. Tábìlì wà láàárín wọn.

"Ẹ jókòó, Sájẹ́ntì, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo wà dáadáa báyìí, sà."

"Ó dáa. Báwo lara?"

"Ara le, sà."

"Ṣé ẹ máa ń dìde fúnra yín nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwẹ̀ ńkọ́?"

"Mò ń wẹ̀, sà."

Alágbàwí ní, "Dókítà, ẹ dákun," àmọ́ dókítà gbé ọwọ́ sókè, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. "Màdáámù, bàbá lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀." Òfin sì ni lóòótọ́ pé ẹni tó bá sin ológun wá kò gbọdọ̀ bá a dáhùn. Aya ológun nìkan ni wọ́n lè bi léèrè. Dókítà wá yíjú sí ìyá náà. "Mà, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Alágbàwí ń wo ìyá náà. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni mò ń gbé e. Ó ti sọ ọ́ nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìsí ẹni tó fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò wo Alágbàwí, kò sì wo dókítà. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò, láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni tí ẹni tó ti ń retí láti ìdálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí. "Fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é."

Dókítà dìde, ó na ọwọ́ kọjá orí tábìlì, ó bọ Sájẹ́ntì lọ́wọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Omi lé sí i lójú. Ó ní irú àwọn ọkùnrin báyìí ti tán láyé. Lójú tirẹ̀, bí òun bá kọ ọ́ pé ọkùnrin tó dìde kí òun báyìí kò lè dìde, òun ti rí i fín nìyẹn. Ohun tó rí ló kọ, ọ̀wọ̀ ló sì fi kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sájẹ́ntì wó lulẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ bí àpò tí wọ́n tú, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ti di eérú. Inú ń bí Alágbàwí tó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ ń dún. Ó fa ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mà, kí lẹ ṣe yẹn? Ẹ mọ̀ pé wọn ò ní í fún yín mọ́."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Ìyá náà ń fi etí aṣọ nu ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọkọ mi lórí ìnàró, tí kì í ṣe ọrùn mi ló kọ́. Mo ti gbàgbé pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n wá là á mọ́lẹ̀ lójú ọ̀gá ẹ̀?"

Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò pẹ́ tí ìdáhùn ìjọba fi dé: wọn kò nílò olùtọ́jú. Ó sáré lọ bá wọn nílé, ó ní ọ̀nà kan ṣì wà, wọ́n lè pe ẹjọ́ lórí rẹ̀, kí ọ̀dọ́bìnrin tí kì í gbójú sókè yẹn tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ntì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ohun tí òun sọ fún dókítà àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́.

"Kí n sọ pé mo parọ́ fún ọ̀gá?"

"Bàbá, ẹ parọ́ lóòótọ́."

"Mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀." Kò bínú, kò pariwo. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọmọ mi."

Òwe tó dáa ni. Ẹni tó pa á kò kàn sọ ikú ta ni.

Alágbàwí ṣì ń lọ bẹ̀ ẹ́. Ó lọ bẹ ìyàwó, ìyàwó ní kó fi í sílẹ̀, ó ní òun á máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe, ó fà á sókè, nǹkan kan sì já lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n yẹn, kò lè dìde, kò lè yí, kò lè sún kúrò lórí obìnrin tó ń mí lábẹ́ rẹ̀. Ó ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Káfíńtà ti lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tó darí dé lọ́sàn-án ló gbọ́ ohùn kan bí ẹni tó ń kérora, tó já ilẹ̀kùn wọlé.

Ìyá náà kò kú lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó lò tó ọjọ́ mélòó kan, ó sì kú níbẹ̀.

Òfin kan tún wá wà tí Alágbàwí mọ̀, tí kò wúlò fún un tẹ́lẹ̀. Ológun tó ti gbọgbẹ́, tó sì dá nìkan wà, tí kò ní ẹnikẹ́ni nínú ilé, wọn kì í rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà rárá. Kí ẹnìkan ṣáà jẹ́rìí pé ó dá wà ni. Alágbàwí jẹ́rìí. Nǹkan tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ó wọlé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ló ti ń dúró dè kí obìnrin náà kọ́kọ́ kúrò.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Sájẹ́ntì. Káfíńtà ti gbé e sórí àga kó tó lọ síbi iṣẹ́. Wọn kò tíì dá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ padà. Bàtà ńlá yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dojú kọ ìta.

"Wọ́n ti gbà, bàbá. Olùtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ti wà lọ́nà."

"Ó dáa," ni Sájẹ́ntì wí. Alágbàwí ń retí kó bú òun. Ó ti múra sílẹ̀ fún un láti ilé, ó tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

"Dókítà yẹn," ó wí níkẹyìn. "Ọ̀gá yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá wa ṣe é tó fi jẹ́ òun ló wò mí, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Títí ìyàwó mi fi kú, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ò ní í tíì wọlé tán, á ti máa sọ fún un pé ọkọ òun dìde fún ọ̀gá. Ó ní bí wọ́n bá tún mú òun padà síbẹ̀, ohun kan náà lòun máa sọ."

Alágbàwí wo ilẹ̀. Òun ló lọ bẹ̀bẹ̀. Òun ló yọ ọkùnrin yìí lọ́dọ̀ ẹni tí kì í gbójú sókè, ẹni tí Sájẹ́ntì ì bá jókòó jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀, tí ì bá ráhùn títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọn ì bá sì fún wọn. Ká ní Sájẹ́ntì gbá a létí ni, ì bá sàn fún un.

"Màá jẹ́ iṣẹ́ náà, bàbá," ó wí.

Wọ́n jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Sájẹ́ntì ní, "Ọmọ mi, má bínú. Mo fẹ́ tọ̀."

Alágbàwí bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ bó ṣe rí i tí obìnrin yẹn ń ṣe é. Ó ní kó kọ́ òun lọ́rùn, ó di àyà rẹ̀ mú, ó fà á. Kò mira. Ó tún fà á. Sájẹ́ntì kò kúrò lórí àga.

"Fi sílẹ̀," Sájẹ́ntì wí. "Fi sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ."

Ó fi í sílẹ̀, ó sì jókòó tì í. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti orí àga sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń wo ẹnu ọ̀nà.